Onídùùrù Ilé-Ẹ̀kọ́ Nínú Orin Jáàsì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa)



Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí wọn yóò di olùkọ́ lọ́la, a máa bi mí. Bí ènìyàn bá ti fi ìwé kọ́ dùùrù dé ojú àmì, ó ha tọ́ kí ó bọ́ sínú orin jáàsì, níbi tí olórin ti ń dá orin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀? Àwọn kan ní ìbàjẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní, bí orin dídùn bá lè jáde láìsí ìwé, kí ni a ń fi ìwé dá ara wa lóró sí? Èmi yóò fi ìtàn ọkùnrin kan dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Jacques Loussier ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Angers, ní ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí i ní 1934. Ọmọ ọdún 10 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ píánò. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti orin ní Paris, lábẹ́ Yves Nat, olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹni tí ó gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ti là: kí ó máa tẹ iṣẹ́ àwọn àgbà olórin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́, láìfikún, láìyọkúrò. Ṣùgbọ́n ní 1959, ó pe ẹni méjì mọ́ra: Pierre Michelot, tí ń fi ìka fa gòjé ńlá tí a ń dúró ta, àti Christian Garros, onílù. Orin J. S. Bach ni wọ́n mú, wọ́n sì sọ ọ́ di jáàsì. Play Bach ni wọ́n pe àwo náà.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Loussier a kọ́kọ́ tẹ orin náà bí Bach ti kọ ọ́, kí etí lè dá a mọ̀. Lẹ́yìn náà gòjé àti ìlù yóò di ẹsẹ̀ orin mú ṣinṣin, Loussier yóò sì kúrò lórí ìwé, yóò máa dá ohùn tuntun lé ìpìlẹ̀ kan náà, títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti ṣí. Ẹni tí ó mọ ìlù dùndún kì yóò ṣe àjèjì sí èyí: nítorí pé omele kò yà kúrò lójú ipa rẹ̀ ni ìyáàlù fi ráyè sọ̀rọ̀ bí ó ti wù ú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ó ha ba Bach jẹ́ bí? Láti 1723 títí ó fi kú ní 1750, Bach ni ọ̀gá orin ní àwọn ilé ìjọsìn ńlá ìlú Leipzig, ní Jámánì. Ní ayé rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí rẹ̀, ni a sábà máa ń kọ fún ẹni tí ń fi dùùrù gbe orin. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìyókù kún un lójú ẹsẹ̀. Ní 1747, ní Potsdam, Ọba Frederick ti Prussia fún un ní ohùn orin kan. Níwájú ọba náà ni Bach ti sọ ọ́ di orin olóhùn mẹ́ta, tí ọ̀kan ń lé èkejì, láìkọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí Loussier tọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ni orin.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀lẹ má yọ̀. Ọwọ́ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ràn sí àmì orin lẹ́nu ni ó lè kúrò lórí ìwé kí ó má ṣìnà. Ayé sì gbà á: láàrin ọdún 15, àwo tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 6. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní 1978. Ní 1985, tí ó pé 300 ọdún tí a bí Bach, Loussier kó òmíràn jọ. Ó kú ní 2019, ní ẹni ọdún 84.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹni tí ó mọ àmì orin má kẹ́gàn ẹni tí etí ń tọ́; kí ẹni tí etí ń tọ́ má sì sá fún ìwé. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ ń na ọmọ nítorí pé ó kúrò lórí ìwé orin, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè padà síbẹ̀. Bí ó bá lè padà, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀.