Iná Àṣírí Inú Ọkọ̀ Panápaná



Ní àwọn ìletò àti ìlú kéékèèké ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ilé kan bá gbiná ní òru, ẹni tí yóò kọ́kọ́ dìde láti lọ pa á lè jẹ́ àgbẹ̀, tíṣà tàbí oníṣọ́ọ̀bù kan tí ó ń sùn nílé rẹ̀. Kì í gba owó oṣù lórí iná pípa. Nínú gbogbo panápaná ilẹ̀ náà, nǹkan bí 2 nínú 3 ni irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àṣà náà ti pẹ́. Ní ọdún 1736 ni Benjamin Franklin àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Philadelphia, tí olúkúlùkù ń tọ́jú garawa tí a fi awọ ṣe de ọjọ́ tí iná bá sọ.

Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan tí ó fi kọ́ ìgbànú ni ó ń pè é. Yóò wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara rẹ̀, yóò sì kọrí sí ilé panápaná níbi tí ọkọ̀ olómi wà. Àwọn awakọ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀ kò mọ̀ pé ilé ẹnìkan ń jó. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n yà fún un?

Ní Ìpínlẹ̀ New York, òfin gbà á láàyè láti tan iná aláwọ̀ aró. Aláwọ̀ ewé jẹ́ ti àwọn tí ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn láìgba owó. Pupa wà fún ọkọ̀ panápaná gan-an.

Láyé àtijọ́, iná tí ń yí lórí òrùlé ọkọ̀ ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó lọ sí ibi iná ní òru náà ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀. Iná orí òrùlé a máa fa ojú olè mọ́ra. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń lo gílóòbù kékeré tí ẹnikẹ́ni kò ní rí títí a ó fi tàn án. Àwọn kan ń fi í pamọ́ sẹ́yìn irin iwájú tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sára ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ń lu ihò sẹ́yìn iná iwájú ọkọ̀, wọ́n sì ń ti gílóòbù náà bọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ réwáyà tí ó mọṣẹ́ ni èyí. Gílóòbù náà kò gbọdọ̀ dí ìmọ́lẹ̀ iná iwájú lọ́wọ́, a sì gbọ́dọ̀ fi àtè dí etí ihò rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́bàá súwíìṣì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí gílóòbù 4 bá ń jẹ wátì 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, wátì 80 ni gbogbo rẹ̀, lórí bátìrì fóólì 12, kò tó ámúpù 7. Fíúsì ámúpù 10 tó fún un. Ẹni tí ó bá fi fíúsì 30 sí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé òun ni ó wà lọ́wọ́, wáyà náà lè jó kí fíúsì tó já. Níbi tí wáyà ti la irin kọjá láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sínú ọkọ̀, òrùka rọ́bà gbọ́dọ̀ wà nínú ihò náà. Bí kò bá sí, ẹnu irin yóò máa gé wáyà díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń gbọ̀n, títí àwọn ẹlẹgbẹ́ panápaná yóò fi wá pa iná ọkọ̀ tirẹ̀.

Iná náà kò sọ awakọ̀ di ọba ojú ọ̀nà. Ní New York, ẹni tí ó tan iná aláwọ̀ aró kò lè ré iná pupa oríta kọjá, kò sì lè sáré ju bí òfin ti wí. Ẹ̀bẹ̀ ni iná náà ń bẹ̀. Kì í pàṣẹ. Níbí ni ewu iná tí a fi pamọ́ wà. Iwájú ni gílóòbù inú iná iwájú kọjú sí, nítorí náà ẹni tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ní oríta lè máà rí i rárá. Panápaná tí ó gbàgbé èyí lè pa ẹnìkan kí ó tó dé ibi tí ó ti fẹ́ gba ẹlòmíràn là.

Òfin náà ń béèrè ìwé àṣẹ láti ọwọ́ olórí panápaná. Ìyàwó lè wa ọkọ̀ náà lọ ọjà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tan iná náà. Ìlànà yìí kò le jù, nítorí àwọn olè ti fi irú iná bẹ́ẹ̀ dá èrò dúró ní òru bí ẹni pé ọlọ́pàá ni wọ́n.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Bí ọkùnrin yìí bá rékọjá ààlà sí Massachusetts tàbí Vermont, iná aláwọ̀ aró jẹ́ ti ọlọ́pàá níbẹ̀. Pupa ni panápaná ń tàn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Kí ó pa tirẹ̀ kí ó tó dé ààlà. Bí ó bá sì fẹ́ ta ọkọ̀ náà, kí ó yọ gílóòbù, wáyà àti súwíìṣì kúrò, kí ó sì dí ihò ẹ̀yìn iná iwájú dáadáa, kí òjò má baà wọ̀ ọ́ fún ẹni tí ó rà á.