Ọ̀rọ̀ Lórí Dùùrù Ìjọ àti Èèkàn Rẹ̀ Tí Ó Dẹ̀



Bí a ti ń ka ohun rere tí ọgọ́rùn-ún ọdún fi lé wa lọ́wọ́, ó yẹ kí a ka dùùrù píánò tí ń bẹ ní yàrá àwọn akọrin mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní ọdún 1853, níbi tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba yìí, ni orin ti ń bá ìsìn wa rìn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń wí nísinsìnyí pé dùùrù náà ti darúgbó, kí a tà á. Àwa wí pé kì í ṣe ogbó ni ó ń ṣe é. Èèkàn rẹ̀ ni ó dẹ̀, èèkàn tí ó dẹ̀ sì ní àtúnṣe.

Ìtẹ̀ 88 ni ó wà lára irú dùùrù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n okùn irin rẹ̀ tó bí 230, nítorí ohùn púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ní okùn méjì tàbí mẹ́ta. Okùn kọ̀ọ̀kan wé mọ́ èèkàn irin kan, a sì gbá èèkàn náà wọ inú pákó líle. Kò sí ohun tí ó dì í mú kí ó má yí padà bí kò ṣe pákó tí ó fún un mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni okùn kan ṣoṣo a máa fà ju ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Ẹni tí ó bá ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn ní ilẹ̀ yanrìn rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Nígbà òjò, pákó a wú. Nígbà ọyẹ́, a gbẹ, a sì súnkì. Bí ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ihò a fẹ̀, okùn a sì fa èèkàn padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn kí a tó wá oògùn. Bí gbogbo ohùn bá jọ wálẹ̀ bákan náà, ojú ọjọ́ ni, tàbí pé ó ti pẹ́ tí a ti yí i kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá yí i lónìí, tí ohùn mélòó kan sì tún wálẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, èèkàn wọn ni ó dẹ̀.

Àtúnṣe mẹ́rin ni ó wà. Èkíní, bí àyè bá ṣì wà láàrin okùn tí ó wé àti irin abẹ́ rẹ̀, a lè fi òòlù rọra gbá èèkàn wọlé díẹ̀. Èkejì, a lè tú okùn, kí a yọ èèkàn, kí a sì fi èyí tí ó sanra jù ú lọ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, a lè fi bébà oníyanrìn, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń họ pákó, tẹ́ inú ihò kí a tó dá èèkàn padà. Ẹ̀kẹrin, àwọn oníṣẹ́ òde òní a máa dá dùùrù dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì kán àtè tí ó ṣàn bí omi, irú súpàgúlù, sí ìdí èèkàn, kí ó lè wọ inú pákó. Ẹ má ṣe kán òróró sí i láé, nítorí yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀.

Bí pákó náà bá là, gbogbo èyí kò ní ràn án. Pákó tuntun ni ó kù, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà, a bẹ̀ yín, kí ìgbìmọ̀ tó dá ẹjọ́, ẹ pe oníṣẹ́ kí ó fi ẹfun sàmì sí èèkàn tí ó dẹ̀, kí a kà wọ́n. Kí a sì gbé dùùrù kúrò lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọlé.

Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí Olúwa kí ó fún wa ní sùúrù àtúnṣe.