Iṣẹ́ Ọmọdé Nínú Ọdún Àwọn Híńdù ní Trinidad



Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ni a gbé wá sí àárín ọmọ Oòduà. A kò fẹ́ yí ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà o. Ará ìdálẹ̀ ni wọ́n bíi tiwa, wàhálà ọmọ títọ́ tí ó bá wa náà ni ó sì bá wọn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1845, ni ọkọ̀ òkun Fatel Razack gúnlẹ̀ sí Trinidad pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà tí ó lé ní 200, tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Títí di ọdún 1917 ni wọ́n ń kó irú wọn wá. Ọ̀pọ̀ kò padà sílé mọ́. Àwa lè wọ mọ́tò ní àárọ̀ kí a sùn sílé bàbá wa ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Àwọn kò ní irú rẹ̀.

Kí ni wọ́n wá fi di ọmọ mú? Ọdún ni. Ní ọdún Divali, tí ìjọba Trinidad sọ di ọjọ́ ìsinmi ní 1966, wọ́n máa ń tan fìtílà amọ̀ ní òru tí òṣùpá kò yọ, ní ìbọ̀wọ̀ fún Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀. Bàbá á la ọparun, á tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ láti gbé fìtílà lé. Ta ni yóò rọ epo sí i? Ọmọdé. Ta ni yóò gbé oúnjẹ dídùn tí wọ́n fi mílíìkì àti ṣúgà sè lọ fún aládùúgbò, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́? Ọmọdé náà ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti wà nínú iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ á bèèrè ìdí, ìyá àgbà á sì ráyè sọ̀tàn.

Eré Ramleela tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn Rama ni, ọmọ ọba tí Ravana olórí mẹ́wàá jí ìyàwó rẹ̀ gbé. Orí pápá ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọjọ́ púpọ̀, tí ẹnìkan á máa ka ìwé mímọ́ wọn sókè, títí wọn yóò fi dáná sun ère Ravana gàgàrà. Àwọn ọmọkùnrin kéékèèké á gbé ọrun àti ọfà, wọ́n á di ọmọ ogun. Derek Walcott, akéwì ọmọ St. Lucia, rí i ní abúlé Felicity, ó sì sọ ọ́ nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992. Ọmọ tí ó bá jagun fún Rama ní ọdún mẹ́ta, ta ni yóò tún bi í bóyá ó mọ ìtàn náà?

Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́ tán: èdè Bhojpuri tí àwọn baba ńlá wọn gbé wá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ọdún dúró, èdè lọ.

Àwa ńkọ́? Bí a bá ń sọmọ lórúkọ níhìn-ín, a máa ń lé àwọn ọmọdé síta kí wọ́n má baà dí wa lọ́wọ́. Ní báyìí tí a ń sọ̀rọ̀, wọ́n wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, wọ́n ń fi Haúsá ṣeré. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìgbìmọ̀ ni pé ní àpèjọ ọdún tí ń bọ̀, ọmọdé ni kí ó gbé obì kiri, ọmọdé ni kí ó ki oríkì ìlú bàbá rẹ̀ níwájú wa. Bí ó bá ṣì í pè, kí àgbà kankan má ṣe já a gbà lẹ́nu rẹ̀.