Sàráà Tí Í Sọ Aláàbọ̀ Ara Di Oníṣẹ́

 

Nínú oṣù Ràmàdáánì yìí, à ń fi owó sínú abọ́ àwọn aláàbọ̀ ara lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó dára, kí Ọlọ́hun gbà á. Ṣùgbọ́n ta ló ti bi wọ́n léèrè bóyá iṣẹ́ wù wọ́n ṣe?

Ibn Umm Maktum fọ́jú, síbẹ̀ ó ń pe ìrun ní Mẹ̀dínà. Ànábì wa (s.a.w.) a tún máa fi ìlú sí i lọ́wọ́ bí wọ́n bá ń rìnrìn-àjò. Ojú ló fọ́, ọgbọ́n kò fọ́.

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2019 ní kí aláàbọ̀ ara má dín ní 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ẹ bá wọn kọ̀wé, ẹ sìn wọ́n débẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ fi sàráà ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí a ń fọwọ́ yí fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ wọn lẹ́rù nìyẹn: “Bí wọ́n bá rí mi nídìí iṣẹ́, wọn ò ní fún mi mọ́. Bí ọjà ò bá wá tà ńkọ́?” Ẹ máa ràn án lọ́wọ́ títí iṣẹ́ náà yóò fi lè bọ́ ọ.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín. Wa salaamu alaykum.