Ìdáná Àwọn Òbí Wa Tó Ti Dàgbà
(Ọ̀rọ̀ tí akápò ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa)

Mi ò ní pẹ́, torí ìrẹsì ti ń tutù.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Gbogbo wa là ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti bi àwọn òbí yín léèrè rí pé èló ni ìdáná ń jẹ nínú rẹ̀?

Ìyá tèmi wà ní Èrúwà, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n ń bù sí fìtílà. Ẹ rántí pé ní January 2016, ìjọba gbé lítà kan láti náírà 50 sí náírà 83, a sì pariwo. Lónìí, ó ti kọjá náírà 1,000 dáadáa. Ìgbà tí mo délé lọ́jọ́ kan ni mo mọ̀ pé wọn kì í dáná alẹ́ mọ́, kí epo lè tó wọn lò. Wọn ò sọ fún mi.

Mo sáré ra gáàsì, mo gbé e sílẹ̀, mo padà sọ́jà. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo bá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé o fẹ́ kí ilé jó mọ́ mi lórí ni?" Ẹ̀bi mi ni. A kì í ju nǹkan tuntun sílẹ̀ fún àgbà ká sì sá lọ.

Mo padà lọ, mo sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. A jọ fi omi ọṣẹ kun rọ́bà àti ẹnu sílíńdà: bó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. A gbé e nàró síbi tí atẹ́gùn ń gbà. Mo ní kí wọ́n ṣáná kí wọ́n tó ṣí gáàsì. Bí wọ́n bá sì gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n má ṣáná, kí wọ́n má tẹ iná mànàmáná. Kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n bọ́ síta. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn fúnra wọn ló ro ọ̀kà.

Kílò gáàsì kan ń dáná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kẹrosíìnì méjì. Ẹ béèrè iye méjèèjì lọ́jà, kẹ́ ẹ ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Iná sólà kékeré náà lè rọ́pò fìtílà.

Ẹ wo ìwé iná mànàmáná wọn pẹ̀lú. Láti 2020 ni àjọ NERC ti pín wa sí Band A títí dé E: A yẹ kó rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, E wákàtí 4, owó wọn ò sì dọ́gba. Bó bá jẹ́ bíìlì tí wọ́n kàn fojú dá ni wọ́n ń gbé wá, ẹ bá wọn lọ béèrè mítà. Ẹ má jẹ́ kí àgbà nìkan lọ tò síbẹ̀.

Owó sílíńdà àkọ́kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá. Mo wá ń bẹ ìgbìmọ̀ wa: ẹ jẹ́ ká ya ẹ̀yáwó kékeré kan sọ́tọ̀ fún un, ká máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ìyá mi ti ń jẹun alẹ́ báyìí. Kí Ọlọ́run dá àwọn òbí wa sí fún wa.