Ta Ló Pa Aṣọ Yìí Láró?

 

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣẹ́ etí àdìrẹ tí ẹ wọ̀ sókè, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tèmi rèé: ojú rẹ̀ dúdú bí aró, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ gidi ni, aró ì bá mu ẹ̀yìn rẹ̀ ju ojú lọ. Aṣọ ẹbí wa fún àpéjọ yìí nìyẹn, èmi náà sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, ẹ má bínú sí mi.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀rọ̀ aládìrẹ wa, Màmá Nike Davies-Okundaye, nìyẹn. Ọdún 1951 ni wọ́n bí i ní Ògìdì-Ìjùmú, ní ilẹ̀ Òkun. Ó kéré nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ló ti kọ́ aṣọ híhun àti aró. Wọ́n fẹ́ fà á fún ọkọ tí kò wù ú, ló bá sá nílé, ó bá àwọn alárìnjó lọ. Ó dé Òṣogbo, ó di ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ayàwòrán Twins Seven-Seven. Nígbà tó di 1974, ó ti wà ní Maine ní Amẹ́ríkà, tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han àwọn oníṣẹ́ ọnà ibẹ̀. Kò sì lọ yunifásítì kankan.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà. Láfún ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù títí yóò fi ki. Aládìrẹ a ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, a fi kọ ọnà sára aṣọ funfun: ẹja, ẹyẹ, òpó gbọ̀ngàn Màpó nínú ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Bó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró ẹlú. Wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í. Ẹyẹ tí ìrù rẹ̀ bá wọ́, ó wọ́ náà nìyẹn.

Irú iṣẹ́ báyìí, ọmọ bíbí inú ẹni nìkan làwọn mìíràn ń fi hàn. Ní 1983, Màmá dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ ẹni tó bá wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2000, ó lọ Ítálì láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa tó ń fi ara ṣòwò níbẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́. Gálírì rẹ̀ alájà púpọ̀ ní Lẹ́kí ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, tàwọn ẹlòmíràn ló sì pọ̀ jù.

Àwọn kan ń pè é ní olùtọ́jú àṣà. Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Aláìsàn là ń tọ́jú. Màmá ń ṣiṣẹ́ ni, ó sì ń wá oníbàárà.

Ẹ jẹ́ káwa náà di oníbàárà. Àpéjọ ọdún tó ń bọ̀ wá ńkọ́? Òjò kì í jẹ́ kí aṣọ aró gbẹ, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ká ti bẹ àwọn aláró níṣẹ́. Ìyá akápò, yáàdì mélòó ni ká kọ sílẹ̀?