Ta Ló Rẹ Ìkúukùu Òjò Láró?



Ẹ jẹ́ ká jọ dúró ní Apple Junction, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac, ní ọ̀sán kan nínú oṣù Kẹfà. Oòrùn ń ràn, ìkúukùu funfun bí òwú ń kọjá lókè. Láìpẹ́, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀ láti apá Máìlì Méjì. Àwọn tó pàtẹ ń kó ọjà wọn, èrò ń dù láti wọ ọkọ̀. Ọmọ iléèwé kan lè wá béèrè pé: "Omi òjò ṣebí mímọ́ gaara ni. Ta ló rẹ ìkúukùu yìí láró?"

Kò sẹ́ni tó rẹ ẹ́ láró. Èyí tó funfun àtèyí tó dúdú, omi kan náà ni: ẹ̀kán omi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan wọn fi ní láti para pọ̀ kí ẹ̀kán òjò kan tó jáde. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá bà wọ́n, wọn a máa dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tó mú wọn funfun nìyẹn, bí omi dídì tó mọ́ gaara ṣe ń di funfun nígbà tí a bá gún un.

Ẹ mú aṣọ funfun kan, ẹ fi bojú, kí ẹ kọjú sí fèrèsé. Ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ wá ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́jọ. Òkùnkùn dé! Bẹ́ẹ̀ aṣọ náà kò pàwọ̀ dà. Ẹni tó dúró lódìkejì ṣì ń rí i ní funfun. Orí ìkúukùu òjò ńlá nílẹ̀ wa lè dé kìlómítà 15 sókè. Ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ lé e ló ń dá padà sókè, òmíràn a gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Díẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Àwa tá a wà lábẹ́ la ń pè é ní dúdú. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ òfúrufú lókè rẹ̀ ń rí i ní funfun báláú.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo èyí tó ṣú ló ń rọ̀. Òjìji ìkúukùu mìíràn lè bo èyí tó fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó nípọn, tí ẹ̀fúùfù ń tì bọ̀ láti ìlà-oòrùn, níbi tí ìjì wa sábà máa ń gbà wá, ẹ má fi ṣeré. Inú rẹ̀ ni àrá àti mànàmáná wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 2011, omi òjò bo ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, ẹ̀mí sì ṣòfò. Bí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò lábẹ́ igi àti létí kòtò omi, ẹ wọ inú ilé.

Bó bá rọ̀ tán, ẹ tún gbójú sókè. Èyí tó kù ti fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ bọ̀.